Laptop wo ló yẹ àgbàlagbà? Ohun tí mo rí nígbà tí a lọ ra ti bàbá mi ní Ìkẹjà

   Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú àwọn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi: "Mo fẹ́ ra laptop fún bàbá mi, owó ọwọ́ mi kò pọ̀, èwo ni kí n rà?" Ẹlòmíràn á ní màmá òun ni. Mo ti ń dáhùn wọn ní ṣókí-ṣókí tẹ́lẹ̀, àmọ́ láìpẹ́ yìí ó kan ilé tèmi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á jókòó ti ọ̀rọ̀ náà dáadáa lónìí.

Kí á tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan, ẹ kọ́kọ́ bi àgbàlagbà náà ní ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó dà bí ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé sí mi kò sọ ọ́. Iye RAM lẹ ń béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé WhatsApp àti fídíò ìwàásù nìkan ni màmá fẹ́ máa wò, ẹ má wulẹ̀ ra laptop. Ẹ ra fóònù tí ojú rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ fi owó tó kù ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bàbá tèmi, ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ọbá Akran ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, nídìí ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì. Àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa ní Agége. Nígbà tí tiransifọ́mà àdúgbò jó, gbogbo onílé dá owó, ìdá àkọ́kọ́, ìdá kejì, àwọn kan san lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn kan ṣèlérí. Inú ìwé ńlá kan ni bàbá mi ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Òjò wọ yàrá tí wọ́n kó ìwé náà sí, yíǹkì ṣàn, ojú ewé bíi mẹ́jọ di aró. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá òjò náà mọ ojú ewé tó yẹ kí ó rọ̀ sí. Wọn kò sọ ọ́ lójú wọn, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣàì mọ̀.

Bàbá mi wá pè mí. Wọ́n ní, "Kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́. Kì í ṣe fóònù o. Mo fẹ́ tẹ orúkọ gbogbo onílé sínú rẹ̀, kí n tẹ iye tí kálukú san àti ọjọ́ tó san án, kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n pín in fún wọn ní ìpàdé, kí ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ mú rìsíìtì rẹ̀ wá."

Ẹ rí i, ẹ̀rọ tó ṣeé fọkàn tán ní ìtumọ̀ mìíràn nínú ilé wa. Bí kọ̀ǹpútà yìí bá kú lójijì pẹ̀lú àkọsílẹ̀ nínú rẹ̀, wọn á ní òjò ti tún rọ̀.

Owó tí a ní jẹ́ ₦350,000. Bàbá mi mú ₦150,000 wá nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n ní rárá, ohun tí èèyàn bá fowó ara rẹ̀ rà ló lè bínú sí tí kò bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀bùn ọmọ, ọpẹ́ nìkan lèèyàn ń dá lórí rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀ sọ pé kí a má tilẹ̀ ya Computer Village. Ó ní wọ́n á lù wá ní jìbìtì, pé òun á ra tuntun kí ẹnìkan bá wa gbé e bọ̀. Mo bi í pé tí ó bá bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ńkọ́? Gàráńtì tí ṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù bá fún un, ṣé Dádì á wọ bàlúù lọ lò ó ni? Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò tíì gbà. Mo ní, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Otigba yẹn, ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lórí tuntun díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àbúrò mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ sí dọ́là, laptop tuntun tó dára ti kúrò níbi tí ọwọ́ ẹni tó ti fẹ̀yìntì lè tó. Tuntun tí irú owó wa lè rà ni àwọn kékeré kan tí RAM wọn jẹ́ 4GB, tí àyè ìpamọ́ wọn jẹ́ 64GB, tí wọ́n sì jó méjèèjì mọ́ bọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ sì ni 4GB àti 64GB yẹn gan-an ni ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí Microsoft ní kí ẹ̀rọ ní kó tó lè gbé Windows 11. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí ẹ ti tú páálí rẹ̀ ló ti wà ní bèbè. Tí Windows bá gba àtúnṣe bíi mélòó kan, àyè ti kún, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi kún un. Ó máa ń rẹwà lóòótọ́. Ọmọ ilé ìwé tó bá lè mú sùúrù lè lò ó. Àgbàlagbà tó tẹ nǹkan kan tí kò rí ìdáhùn, tó tún un tẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, tí fèrèsé mẹ́ta wá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, á gbà pé òun ni kò mọ̀ ọ́n lò. Á pa á dé. Kò ní ṣí i mọ́. Mo ti rí i nílé tó ju ẹyọ kan lọ.

Nítorí náà, tòkunbọ̀ ni mo fara mọ́, àmọ́ kì í ṣe tòkunbọ̀ gbogbo. Ìdílé mẹ́ta ni mo máa ń tọ́ka sí: ThinkPad ti Lenovo, Latitude ti Dell, EliteBook ti HP. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun ló ń rà wọ́n fún òṣìṣẹ́ wọn; tí ọdún mélòó kan bá pé, wọ́n á kó wọn jáde, wọ́n á kó tuntun wọlé. Wọ́n ṣe wọ́n kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé-iṣẹ́ lè tú wọn kíá, kí ó yọ èyí tó bàjẹ́, kí ó fi òmíràn sí i. Ohun tí wọ́n torí iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn ṣe yẹn ló wá ń ṣe wá láǹfààní ní Agége.

Ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sílẹ̀: ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ọjọ́ yẹn ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Wọ́n fi àyè ọdún kan sí i fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í torí ọdún kan ra ẹ̀rọ fún bàbá ẹni. Windows 11 ní tirẹ̀ kì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Tí ó bá jẹ́ Intel ló wà nínú rẹ̀, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n fọwọ́ sí. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5. i5-8350U, 8 ló bẹ̀rẹ̀, ìran kẹjọ nìyẹn. i5-6300U, ìran kẹfà. i5-10210U, ìran kẹwàá. Ní orúkọ tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà, ThinkPad T470 ti wà lẹ́yìn ìlà, T480 ni kí ẹ máa wá. EliteBook 840 G3 àti G4 wà lẹ́yìn, G5 ni kí ẹ máa wá. Latitude 7480 wà lẹ́yìn, 7490 ni kí ẹ máa wá. Síbẹ̀, ẹ má fi orúkọ nìkan rà á. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni kí ẹ fojú rí.

Ibí ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ máa bá ẹ̀rọ ìran kẹfà tí Windows 11 ń dán gbinrin lójú rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n fi ń gbà á wọlé láìjẹ́ pé ẹ̀rọ náà tó o, kò sì le. Ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe ààbò fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà á sọ fún yín pé, "Windows 11 ló wà lórí ẹ̀ yẹn, Àǹtí." Òótọ́ ló sọ. Ibi tó parọ́ sí ni ibi tí kò sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á dé ọjà. Láti Agége, ọkọ̀ ojú irin Red Line ni a wọ̀ lọ sí Ìkẹjà, bàbá mi gbádùn rẹ̀ ju dáńfó lọ, wọ́n ń wo òrùlé àwọn ilé-iṣẹ́ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, wọ́n ń dárúkọ èyí tó ti kógbá sílé. Wọ́n bi mí pé ṣé àwọn Omatek tó ń to kọ̀ǹpútà ní Orégùn nígbà kan ń to èyí tí a fẹ́ rà. Mo sọ fún wọn pé Florence Seriki tó dá a sílẹ̀ ti kú ní ọdún 2017. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní obìnrin yẹn gbìyànjú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dé Computer Village rí, àdúgbò ilé gbígbé ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àwọn tó ń tà, tó sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tó gba òpópónà Otigba, tí wọ́n gba Pepple, tí wọ́n sì tàn kálẹ̀ láàrin ọdún 1990 sí 2000. Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ ní Under Bridge, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á ti máa fà yín lápá: "Kí lẹ fẹ́ rà? Kí lẹ fẹ́ tà? Ṣé ẹ fẹ́ tún fóònù ṣe?" Ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó dúró ní títì kò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù kò ní ibi tí ẹ máa gbé e padà sí. Ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ẹnìkan tí ẹ mọ̀ ti rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí, tó sì padà lọ bá tó ṣì bá a níbẹ̀, ni kí ẹ lọ. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lẹ́nu àyẹ̀wò. Ọlọ́jà tó bá ń kánjú yín, tó ní oníbàárà mìíràn ń bọ̀ wá gbé e, ẹ jẹ́ kí oníbàárà yẹn gbé e.

Àyẹ̀wò náà rèé, a lò tó wákàtí kan ààbọ̀ nídìí rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wọ inú BIOS. Lórí ThinkPad, F1 ni; lórí Dell, F2; lórí HP, F10. Tí ó bá béèrè páswọ́ọ̀dù tí ọlọ́jà kò mọ̀, ẹ dìde. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì tì í pa. Lẹ́yìn náà, kí ọlọ́jà nu gbogbo Windows orí rẹ̀ kúrò lójú yín, kí ó gbé e ka íntánẹ́ẹ̀tì láti inú fóònù yín, kí ó bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun. Tí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan bá yọ tó ní kí ẹ fi íméèlì iṣẹ́ wọlé, ẹ̀rọ yẹn ṣì wà nínú ìwé ẹlòmíràn. Ọmọ aládùúgbò wa kan ra irú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, ó tún Windows rẹ̀ ṣe, orúkọ bánkì kan ní ìlú òyìnbó jáde lójú ẹ̀rọ, kò sì lè kọjá ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó tà á fún un ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Ìkejì ni bátìrì. Ẹ má bi ọlọ́jà ní iye wákàtí tí ó ń lò, "wákàtí mẹ́rin" ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Yóò kọ ìwé kan jáde. Iye méjì ni kí ẹ wò nínú rẹ̀: Design Capacity, iye tí bátìrì náà lè gbà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, àti Full Charge Capacity, iye tí ó lè gbà báyìí. Ká ní àkọ́kọ́ jẹ́ 50,000, tí èkejì sì jẹ́ 22,000, kò tó ìdajì mọ́. Ẹ ní kí ó pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ó dín owó. Bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní àdúgbò wa, bátìrì ni jẹnẹrétọ̀ bàbá mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn T480 nìyẹn: bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn, èyí ẹ̀yìn sì ṣeé fi ọwọ́ yọ láìlo ìdè kankan. Ọjọ́ tó bá kú, bàbá mi lè fi ọwọ́ ara wọn yọ ọ́, kí wọ́n gbé òmíràn sí i.

Ìkẹta, ẹ rí i dájú pé SSD ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe hard disk àtijọ́ tó ń yí. Hard disk kì í fẹ́ kí wọ́n gbá òun, ó sì ń falẹ̀. Ẹ wo RAM àti nọ́ńbà ìran nínú Settings, System, About. Ẹ má wo sítíkà tó wà lára rẹ̀, nítorí sítíkà kì í ṣòro rí ní Otigba. 8GB RAM àti SSD 256GB tó fún iṣẹ́ bàbá mi, ó tiẹ̀ lé.

Gbogbo ohun tó kù, ẹ tètè ṣe é: ẹ ki gbogbo ihò ara rẹ̀ wò, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ wo kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró lórí keyboard. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti Jámánì ni wọ́n ń kó wá, lórí tiwọn Z ló wà níbi tí Y yẹ kí ó wà. Ẹ fojú inú wo akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé tó fẹ́ kọ Yorùbá, tó wá ń kọ Zorùbá. A rí ọ̀kan tí owó rẹ̀ dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún nítorí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà ní a lè yí i padà nínú Settings. Lóòótọ́ a lè yí i, ṣùgbọ́n àmì tó wà lórí bọ́tìnnì kò ní yí, bẹ́ẹ̀ ojú ni àgbàlagbà fi ń wá lẹ́tà. A kò gbà á.

Ojú àti ọwọ́ wọn gan-an ló pinnu èyí tí a rà. Mo gbé mẹ́ta síwájú bàbá mi, mo bọ́ sẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú àgbàlagbà náà lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e. Wọ́n wo èyí tó fúyẹ́ jù, tó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ọwọ́ àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ tó ti di irin mú fún ogún ọdún ó lé ni, bọ́tìnnì tí kò bá wọlẹ̀ kò dá a lóhùn. Ti ThinkPad wọlẹ̀ dáadáa, wọ́n gbọ́ "kọ̀, kọ̀." Wọ́n tẹ orúkọ ara wọn. Wọ́n tún un tẹ̀.

Ní ti ojú, ohun kan wà tí ó máa yà yín lẹ́nu. Ojú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Full HD, èyí tó dára jù, lẹ́tà orí rẹ̀ ló máa ń kéré jù. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní èyí burú. Mo wọ Settings, Display, mo gbé Scale dé 150%, lẹ́tà wú, ó sì mọ́ kedere. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀, wọ́n tún gbé e wọ̀. Ẹ tún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ wò ó láti ìhà: àwọn ojú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú máa ń di funfun tí èèyàn kò bá jókòó sí iwájú wọn gan-an, wọ́n sì pọ̀ lára àwọn T480 náà. Ẹ gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn wà. Tí ẹ kò bá rí lẹ́tà níbẹ̀, bàbá kò ní rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn.

Àwo kékeré tí a fi ìka fà, tí ó wà nísàlẹ̀ keyboard, ẹ gbàgbé rẹ̀. Awọ ìka àgbàlagbà ti gbẹ, kì í gbọ́ràn sí i. Ẹ ra eku onílà fún wọn, mouse ni mo ń wí, kí ẹ lọ sínú ètò rẹ̀ kí ẹ dín ìyára ìtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kù. Kékeré ni o, àmọ́ òun ló mú kí bàbá mi lè ṣí fáìlì láìpe ọmọ ọmọ wọn.

Ọlọ́jà náà jẹ́ ọmọlúwàbí, ó fún wọn ní àga, ó ń pè wọ́n ní Dádì. Bàbá mi bi í pé, "Ọmọ mi, ta ló máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́?"

Ó ní, "Dádì, kò lè bàjẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀."

Bàbá mi yí ẹ̀rọ náà dojú dé, wọ́n tọ́ka sí ìdí rẹ̀. "Kí ni wọ́n wá ń de nọ́ọ̀tì mọ́ ọn fún?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ọlọ́jà náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì mú nọ́ńbà fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí Pen Cinema jáde. Ìbéèrè yẹn ló tọ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí a sọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ tí ẹni tó wà ládùúgbò àgbàlagbà náà lè tú, tí pápáàtì rẹ̀ wà lọ́jà, sàn fún un ju èyí tó yára jù lọ. Ìjọba Èkó sì ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé wọ́n á kó Computer Village lọ sí Katangowa. Ẹ má jẹ́ kí ìrètí àtúnṣe yín rọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo.

₦310,000 ni a san. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ jẹ́ kí ó kọ nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀rọ sí i, iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà, àti pé pípààrọ̀ tàbí dídá owó padà ni. "Ọjọ́ méje fún àyẹ̀wò" tí wọ́n fi ẹnu sọ, afẹ́fẹ́ ni. Owó tó kù, a fi ra eku, ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tó bá wọlé lójijì, àti flash méjì. Ṣájà tó bá a wá ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ayédèrú tó fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Nílé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo bá bàbá mi sọ. Ọ̀kan ni pé Excel tí ọlọ́jà fẹ́ fi sí i fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, jíjà ni wọ́n jà á lólè, àìsàn sì máa ń wà nínú rẹ̀. LibreOffice ni mo fi sí i, ọ̀fẹ́ gidi ni, ó ń ṣe ìṣirò, ó sì ń ṣí fáìlì Excel. Èkejì, mo ṣe àkáǹtì méjì sórí ẹ̀rọ: èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kò lè gba ètò tuntun wọlé láìsí páswọ́ọ̀dù èkejì. Páswọ́ọ̀dù méjèèjì, bàbá mi ló mú wọn fúnra wọn, inú ìwé kan ní ilé ni wọ́n kọ wọ́n sí. Àwọn ọmọ kan máa ń ní kí páswọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ àwọn. Mo kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rọ ta ni?

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ń pe fóònù, tí wọ́n ní àwọn ń pè láti bánkì tàbí láti Microsoft, pé kí ẹ gba ètò kan sórí kọ̀ǹpútà yín kí àwọn lè bá yín tún un ṣe. Ètò bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, èmi náà lè fi ran bàbá mi lọ́wọ́ láti Ìkẹjà. Ìdí gan-an tí mo fi sọ fún wọn pé ohùn mi nìkan ni kí wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó ṣí i nìyẹn, kí wọ́n sì bi mí ní orúkọ ìyá ìyá mi. Wọ́n ti dán an wò lára mi lẹ́ẹ̀kan láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, àwọn onílé 63 ló wà nínú fáìlì náà. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Sátidé, bàbá mi ń da á kọ sórí flash kan, flash kejì wà nílé ìyá mi àgbà ní Dópẹ̀mú, a ń pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Òjò kan kò lè rọ̀ sí ilé méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ojú ewé mẹ́jọ tó ṣàn yẹn, ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ láti fi rìsíìtì àwọn èèyàn tún un kọ. Ó ku ilé mọ́kànlá, àwọn méjì nínú wọn sì wà lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀.

Nǹkan ìkẹyìn, kí n má baà gbàgbé: ẹ má ki flash ìpamọ́ bọ kọ̀ǹpútà àwọn tó ń tẹ̀wé jáde fún èèyàn ní títì. Ọgọ́rùn-ún flash ló ń wọ ibẹ̀ lójúmọ́, ohun tí ọ̀kan bá gbé wá, gbogbo wọn ló ń gbé e lọ. Ẹ sọ fáìlì náà di PDF, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì wọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti ibẹ̀. Bàbá mi ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìpàdé wọn ku ọ̀sẹ̀ méjì.